Bí A Ṣe Ń Pa Àlọ́ Ọba Tó Jáde Láìwọṣọ fún Àwọn Ọmọ Wa ní Àbújá

Ní Kúbwà, níbi tí mò ń gbé, ọmọ Yorùbá kún ọgbà wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ò kún ẹnu wọn. Wọ́n gbọ́ "wá jẹun", wọ́n gbọ́ "lọ sùn", wọ́n sì gbọ́ ìbáwí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ni wọ́n á fi dáhùn, tàbí Haúsá tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ aládùúgbò. Àlọ́ alẹ́ Sátidé ni mo fi ń fa èdè padà sí wọn lẹ́nu. Èyí tí wọ́n máa ń bẹ̀ mí jù pé kí n tún pa ni ti ọba tí ahunṣọ méjì tàn jẹ, tó fi jáde sí ìgboro láìwọ nǹkan kan. Mo ti pa á tó dùn rí, mo sì ti pa á tó bàjẹ́ rí. Bí mo ṣe ń pa á báyìí ni mo kọ sílẹ̀, kí ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Nyanya, ní Lugbe, ní Gwagwalada, tàbí ní Kàdúná àti Kánò lọ́hùn-ún, lè rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ ìtàn náà dunjú kí ẹ tó la ẹnu

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ẹ má sì fi ibi tó ti wá pamọ́ fún àwọn ọmọ. Hans Christian Andersen, ará Dẹ́ńmáàkì, ló kọ ọ́. Ìlú Odense ni wọ́n bí i sí ní 1805. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ, torí inú wọn ń dùn láti gbọ́ pé ọmọ alágbàfọ̀ ló kọ ìtàn ọba tí aṣọ gbà lọ́kàn. Oṣù Kẹrin ọdún 1837 ni ìtàn náà jáde ní Copenhagen.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ṣáájú rẹ̀, ní 1335, Don Juan Manuel, ọmọ ìdílé ọba ní Sípéènì, ti kọ irú rẹ̀. Nínú ti Sípéènì, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ bàbá tó ń pè ní bàbá ni kò ní lè rí aṣọ náà, ẹni tó sì la ẹnu sọ òtítọ́ ni ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú ẹṣin ọba, tí kò ní ohunkóhun láti pàdánù. Andersen yọ ọ̀rọ̀ ọmọ àlè kúrò, ó fi ọ̀rọ̀ ipò àti òmùgọ̀ sí i, ó sì fi ọmọdé rọ́pò olùtọ́jú ẹṣin. Ọmọdé yẹn gan-an, ìgbà tí ìwé ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí fi í sí i. Tẹ́lẹ̀, ibi tí gbogbo ìlú ti ń yin aṣọ ọba ni ìtàn ti parí. Ẹ wo bó ṣe kù díẹ̀ kí a má ní ọmọ náà.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọba kan fẹ́ràn aṣọ ju ìlú rẹ̀ lọ. Wákàtí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ló ní ẹ̀wù tirẹ̀. Ní ìlú míì, wọ́n á ní ọba wà ní ìgbìmọ̀. Ní ìlú tirẹ̀, wọ́n á ní ọba wà ní yàrá aṣọ. Gbájúẹ̀ méjì wọ̀lú, wọ́n ní àwọn mọ aṣọ kan hun tí irú rẹ̀ ò sí, pé ẹni tí kò bá yẹ ní ipò tó wà, tàbí tó bá ya òmùgọ̀, kò ní fojú rí i. Ọba ní òun á fi mọ ìjòyè tí kò yẹ. Ó kówó fún wọn, ó kó ṣẹ́dà àti òwú wúrà fún wọn. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sápò, wọ́n jókòó ti òfì òfìfo, wọ́n ń hun afẹ́fẹ́ di ọ̀gànjọ́. Ọba rán ìjòyè àgbà kan, olóòótọ́ ènìyàn, pé kó lọ wò ó. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ní òun rí i. Wọ́n rán ẹlòmíràn, òun náà ní òun rí i. Ọba lọ fúnra rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó ní ó dára. Ó fi àwọn gbájúẹ̀ joyè. Ọjọ́ ayẹyẹ pé, ọba bọ́ra sílẹ̀, wọ́n "wọ̀ ọ́" láṣọ, ó jáde lábẹ́ agboòrùn, àwọn ẹmẹ̀wà sì gbé ọwọ́ sókè bíi pé wọ́n ń gbé etí aṣọ tó ń wọ́lẹ̀. Gbogbo ìlú ń yìn ín. Ọmọdé kan ní ọba ò wọ nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbọ́ ohùn aláìmọ̀kan tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ọ̀rọ̀ di wúyẹ́wúyẹ́, ó kọjá láti etí dé etí, títí gbogbo ìlú fi ké e. Ara ọba ṣe gìrì, torí ó dà bíi pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè dúró mọ́, ó tún nàró ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ẹmẹ̀wà sì ń gbé etí aṣọ tí kò sí lọ.

Àwọn tó ń pa ìtàn yìí fọ́mọ sábà máa ń fi pamọ́ pé àwọn ahunṣọ purọ́, kí ọ̀rọ̀ lè ya ọmọ lẹ́nu ní ìgbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Andersen ti jẹ́ kí a mọ̀ pé òfìfo ni òfì. Adùn rẹ̀ kò sí nínú àṣírí, inú pé ọmọ mọ ohun tí ìjòyè ò gbà láti mọ̀ ló wà. Kò sí idán kankan nínú ìtàn idán yìí. Ẹ̀rù ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ní idán fẹ́ ṣe. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tètè ń lóye rẹ̀, torí ó ti gbọ́ nílé bí àgbàlagbà ṣe ń bẹ̀rù pé kí iṣẹ́ má bọ́.

Ìmúrasílẹ̀

Alẹ́ ni kí ẹ mú. Àwọn àgbà ò gbà ká pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìdí kan sì wà tí mo fi fara mọ́ wọn: lọ́sàn-án, ojú ọmọ wà níbi gbogbo. Tí iná bá lọ, ẹ má sáré tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ tan àtùpà kan tàbí tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sílẹ̀ sáàárín. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí òtútù òwúrọ̀ àti alẹ́ Àbújá máa ń mú ọmọ wọ súwẹ́tà. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé iwájú.

Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́wàá tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onítìjú á sá sẹ́yìn, àwọn gan-an la sì ń wá. Ọdún márùn-ún sí mọ́kànlá ni mo máa ń gbà. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wá kúlíkúlí tàbí ẹ̀pà síbẹ̀, àti zóbò tí kò tutù jù.

Ohun èlò kò pọ̀: àga méjì tí ẹ ó dojú rẹ̀ kọ ara wọn, èyí ni òfì, igi pẹlẹbẹ kan tàbí rúlà, èyí ni ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ fi ń gbé òwú kọjá, àpò kan tí ó ní ìdè lẹ́nu, agboòrùn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá aṣọ òkè gidi. Èyí ò ṣeé fi sílẹ̀. Gèlè ìyàwó tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, fìlà bàbá, ìborùn tí wọ́n fi ṣe ìnáwó lọ́jọ́sí, ohunkóhun tó bá jẹ́ híhun. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan aṣọ gidi rí kò ní lè ṣàpèjúwe aṣọ tí kò sí.

Ẹ la ojú àlọ́

Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi yọ́ ẹnu wọn. Mẹ́ta tó. "Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́." Ahọ́n ni. "Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn." Imú ni. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú, ẹ má sáré dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá lè fọwọ́ tọ́ka sí i, kí gbogbo ènìyàn wá pè é pọ̀.

Nínú ọgbà wa, ọmọ Haúsá wà, ọmọ Gbagyi wà, wọ́n sì máa ń wá. Mi ò lé wọn rí. Mo máa ń ní kí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ ṣe tilé wọn: "Ga ta nan, ga ta nan ku," kí àwọn yòókù dáhùn pé "Ta zo mu ji ta." Lẹ́yìn náà ni mo máa wá gba ọ̀rọ̀: "Àlọ́ o!" Wọ́n á ní "Àlọ̀!" Ọmọ Yorùbá tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń la àlọ́ nílé wọn á fẹ́ mọ tirẹ̀. Kò sí ìbáwí tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀: "Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí ọba kan, ahunṣọ méjì, àti ọmọ kékeré kan." Àwọn kan máa ń fi Ìjàpá ṣe gbájúẹ̀ inú ìtàn yìí kó lè dà bí tilé. Mo ti dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ọmọ tó mọ Ìjàpá mọ̀ pé ọwọ́ máa tẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, á wá máa dúró de ìyà Ìjàpá dípò kó máa wo ọba. Nínú ìtàn yìí, ọwọ́ ò tẹ àwọn gbájúẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ènìyàn.

Òfì àti orin

Ẹ yan ọmọ méjì tí ara wọn yá, kí wọ́n jókòó ti àga. Ẹ kó òwú fún wọn, òwú gidi, kí wọ́n kó o sínú àpò lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì dè é. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn yòókù pé: "Níbo ni òwú wà?" "Inú àpò!" "Kí ló wà lórí òfì?" "Kò sí!" Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ló ni àlọ́ náà.

Ẹ wá fún ahunṣọ ní ọ̀kọ̀, kó máa sọ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀, kò sí òwú lẹ́yìn rẹ̀. Orin tí mo ṣe sí i nìyí. Ẹ lè yí i padà bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí ègbè rẹ̀ kúrú, kí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà:

Lílé: Ahunṣọ, ahunṣọ, kí lẹ ń hun?
Ègbè: Kẹ̀kẹ̀ gbá, kẹ̀kẹ̀ gbá.
Lílé: Ṣé aṣọ ọba ni àbí afẹ́fẹ́?
Ègbè: Kẹ̀kẹ̀ gbá, kẹ̀kẹ̀ gbá.
Lílé: Ẹni tó bá gbọ́n ni yóò rí i.
Ègbè: Kẹ̀kẹ̀ gbá, kẹ̀kẹ̀ gbá.
Lílé: Mo rí i, mo rí i, mo rí i o.
Ègbè: Kẹ̀kẹ̀ gbá, kẹ̀kẹ̀ gbá.

"Gbá" ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí. Ẹ dá a ní ìgbà mẹ́rin nínú àlọ́: ìgbà tí òfì bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà kẹrin, ẹ dín ohùn kù. Àwọn ọmọ máa ń tẹ̀ lé yín láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn.

Ìbẹ̀wò àwọn ìjòyè

Ibí ni kí ẹ ti fi ara balẹ̀ jù, torí ibí ni èdè pọ̀ sí.

Ẹ gbé aṣọ òkè jáde nísinsìnyí, kí ó kọjá lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ fi ìlà ibi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀ hàn wọ́n: aṣọ òfì kì í fẹ̀ tó aṣọ ọjà, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, nǹkan bí íńṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán an papọ̀. Ẹ dárúkọ Ìsẹ́yìn fún wọn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ òfì ti gbilẹ̀ jù. Ẹ sọ orúkọ mẹ́ta: sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí iyanrìn, tí wọ́n ń fi ṣẹ́dà inú igbó hun, àlàárì, tó pọ́n, ẹtù, tó dúdú bí aró, tí ìlà funfun tín-ín-rín wà lára rẹ̀, tí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù sì fún ní orúkọ. Ọmọ tó ti dé Kánò á rántí kòtò aró tó wà ní Kofar Mata; ẹ jẹ́ kó sọ bó ṣe rí fún àwọn yòókù.

Ẹ wá kó aṣọ náà kúrò nílẹ̀, ẹ fi í pamọ́ pátápátá. Ẹ pe ìjòyè àkọ́kọ́.

Ọmọ tó ń ṣe ìjòyè á rìn dé iwájú òfì. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ẹ bi í pé: "Olóyè, kí lẹ rí?" Ó máa wo àga, ó máa wo yín, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìjòyè inú ìtàn sí i létí: "Àbí mi ò yẹ ní ipò yìí ni? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀." Kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọ̀ kan, ìlà kan, àti ohun kan tí aṣọ náà jọ. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí kì í fi Yorùbá sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ sọ lọ́jọ́ kan pé aṣọ náà "pọ́n bí epo, ó ń dán bí ojú omi Jabi". Mi ò kọ́ ọ. Aṣọ tí kò sí ló fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀, torí kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè fi já a nírọ́.

Ìjòyè kejì gbọ́dọ̀ tún ohun tí àkọ́kọ́ sọ sọ, kó sì fi tirẹ̀ kún un. Ọba ló kẹ́yìn, òun náà á tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ọmọ ò mọ̀ pé ìrántí gbólóhùn ni òun ń kọ́, ó rò pé irọ́ ni òun ń mọ lé irọ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ má jẹ́ kí ọba ya ẹni burúkú. Tí ẹ bá fún un ní ohùn òkúrorò àti ojú kíkorò, àwọn ọmọ á kórìíra rẹ̀, wọn ò sì ní rí ara wọn nínú rẹ̀. Ọba yìí ń bẹ̀rù ni. Ó dúró níwájú òfì, gbogbo ìjòyè ti ní àwọn rí i, òun nìkan ni kò rí i. Ta ni yóò bi? Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ohun tí àwọn àgbà sọ pé ó wà nínú "Kábíyèsí": ká bi yín, kò sí. Ẹni tí a ò gbọdọ̀ bi léèrè kì í rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Àwọn bàbá wa mọ ewu rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ ìgbàanì, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè afọbajẹ, lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú Aláàfin, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ gírígírí ni, ẹ̀mí ń lọ sí i, torí náà mi ò kì í sọ ọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ronú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjáde ọba

Ẹ yára kọjá níbí, ariwo ló dùn nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe ọba á bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ nìkan, aṣọ rẹ̀ yòókù á wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó jẹ́ ìgbà ọyẹ́ nìyẹn: òtútù á mú un díẹ̀, òun àti gbogbo ènìyàn á sì mọ̀ pé kò sí aṣọ tuntun kankan lára rẹ̀. Ẹnìkan á gbé agboòrùn, ẹni méjì á gbé etí aṣọ tí kò sí. Àwọn yòókù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á máa yìn ín.

Ọmọ tó ti rí Hawan Sallah, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ọjọ́ ọdún, ní Kánò, ní Zaria tàbí ní Bida ti mọ bí ọba ṣe ń kọjá lábẹ́ agboòrùn. Ti Kánò wà nínú àkójọ àṣà àjogúnbá tí UNESCO ń dáàbò bò, láti oṣù Kejìlá 2024. Ẹ fi rántí ẹwà fún wọn, bí ẹṣin ṣe ń jó àti bí láwàní ṣe ń tàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọba kankan tó wà láyé, tàbí olóṣèlú kankan, ṣe àpẹẹrẹ ọba inú àlọ́, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ bi yín. Tí ẹ bá ti dárúkọ ẹnìkan, àlọ́ ti di ọ̀rọ̀ ìròyìn, ọmọ á sì gbé e dé ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.

Ohùn ọmọ kékeré

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kí ọmọ náà pariwo pé "Ọba wà ní ìhòòhò!" Ẹ̀rín gba ilé kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọ̀kan nínú wọn fi lọ pariwo rẹ̀ mọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bàbá náà bínú, òbí ọmọ náà bínú sí mi, wọn ò sì jẹ̀bi. Mo ti kọ́ ọmọ ní èébú, mo pè é ní òtítọ́.

Nígbà tí mo padà ka ìtàn náà, mo rí i pé ọmọ inú rẹ̀ ò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kò wọ nǹkan kan. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Èdè wa tún ní ohun kan tó lè fi ràn án lọ́wọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní: "ẹ" àti "wọn". Ọmọ tó dàgbà ní Ìbàdàn ti gbọ́ "wọ́n ti dé" fún bàbá rẹ̀ láìmọye ìgbà kó tó pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ tiwa níbí, "Daddy ó ti dé" ló ń sọ, kì í ṣe pé kò ní ẹ̀kọ́, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ọ tó. Torí náà, kí àlọ́ tó dé ibí, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa yà á sọ́tọ̀. Ẹnu apàlọ́ lè pe ọba ní "ó", bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe ń pa á. Ẹnu ẹni tó wà nínú àlọ́ ò gbọdọ̀. Ìjòyè á ní "Kábíyèsí, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀." Ará ìlú á ní "Aṣọ wọn dára." Tí ọmọ bá ṣì í, ẹ má bá a wí, ẹ kàn tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì máa bá àlọ́ lọ.

Ẹni tó kéré jù nínú ilé ni kí ẹ fún ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Kó di ọwọ́ ẹni tó ń ṣe bàbá rẹ̀ mú, kó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìpariwo:

"Bàbá mi, Kábíyèsí ò wọ nǹkan kan. Ṣé òtútù ò mú wọn ni?"

Ìbéèrè òtútù yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ọmọ tó bi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọba ju gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lọ. Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, "wọn" náà sì wà lẹ́nu rẹ̀, èkíní ò pa èkejì lára.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ẹ dákẹ́. Ẹ ka mẹ́wàá nínú yín. Gbogbo ojú á wà lára ẹni tó ń ṣe bàbá, torí ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ọwọ́ bàbá lè ṣe nírú àsìkò yẹn. Kí bàbá náà gbé ọmọ sókè, kó sì wí fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ." Ẹni yẹn á sọ fún ẹlòmíràn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, títí yóò fi ká ilé. Bí àgbàlagbà ọkùnrin bá wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ fi ṣe bàbá. Àwọn ọmọ máa ń wò ó pẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ọba máa rìn lọ. Ara rẹ̀ ṣe gìrì, ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó rìn kọjá àtùpà wọ inú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn tó ń gbé etí aṣọ tí kò sí. Ẹ wá pàdé àlọ́: "Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n ò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta." Pó, pó, pó. Ọmọ Haúsá á fi "Kungurus kan kusu" tì í.

Lẹ́yìn àlọ́

Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kọ́. Mo máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ojú wọn á kú, wọ́n á dáhùn bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ẹ fún wọn ní zóbò, ẹ jókòó, ìbéèrè á jáde fúnra rẹ̀. Èyí tó máa ń kọ́kọ́ wá ni: "Àwọn gbájúẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n mú wọn?" Andersen ò sọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ parí ẹ̀ fúnra wọn, ní Yorùbá. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ni ìdí tí ọba ò fi padà sílé lọ wọṣọ. Ẹ dá wọn padà sínú àlọ́: "Ká ní ìwọ ni ńkọ́?"

Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tó lè dé lọ́jọ́ kejì, torí ọmọ tó gbọ́ àlọ́ yìí dáadáa á dán an wò. Ọmọ mi ọkùnrin rí i lójú pátákó pé olùkọ́ kọ 7 lọ́nà 8 sí 54. Ó dìde, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ó dé ilé, ó ní: "Mọ́mì, ṣé kò yẹ kí n sọ ọ́ ni?" Ó dùn mí gan-an. Mi ò sọ fún un pé ó jẹ̀bi, torí kò jẹ̀bi. A jọ wá ọ̀nà tó máa gbé e gbà nígbà míì, a sì fi ṣe eré: èmi ni olùkọ́, òun ni ọmọ. Gbólóhùn tí a fẹnu kò lé lórí ni: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó, 56 ni mo rí." Yorùbá ni a fi kọ́kọ́ ṣe é, kó lè gbọ́ bí "ẹ bá mi" ṣe ń rọ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló wá wá bó ṣe máa sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́ tiyín náà ní irú gbólóhùn yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ dán an wò lára yín nílé. Tó bá ní "Dádì, ẹ bá mi wò ó", ẹ bá a wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí ọmọ pa àlọ́ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá sí i bó bá ṣì í. Ìyá àgbà á gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì tún ohun tó wọ́ ṣe. Ìyá tèmi fi ẹsẹ orin kan kún un láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni àwọn ọmọ ọgbà wa ń kọ báyìí.